Kí ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n kàn mọ́ igi irúgbá ilé-ìwé wa?

Tíṣà_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Igi irúgbá ńlá kan wà nínú ọgbà ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni lẹ́bàá Àjàṣẹ́-Ìpo. Abẹ́ rẹ̀ ni àwa tíṣà máa ń sá sí bí oòrùn bá mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan tó ń ka igi kiri agbègbè wa yà wọlé, wọ́n sì kan pátákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lára. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, bí mo ṣe dà á kọ láìfi nǹkan kan kún un:

Parkia biglobosa (Jacq.) R.Br. ex G.Don

Kò sí “irúgbá” níbẹ̀, kò sí “irú”. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn, èmi ò gbọ́ Látìn, ni mo bá ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Ajé. Ọmọ kan ti nawọ́, ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé “big globe” ni, ayé ńlá. N ò lè ní ó parọ́, n ò sì lè ní òótọ́ ló sọ. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín?

Awakọ̀_Gàráàjì_Ọ̀fà

Tíṣà, èyí ò le rárá. Pákì ni. Pákì tí mọ́tò ń dúró sí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé èrò, n ò tíì rí pákì tí kò ní igi ńlá kan tí àwa dírẹ́bà ń sùn sí lábẹ́. Òyìnbó dé, ó bá igi nínú pákì, ó sọ ọ́ ní Parkia. Ó parí.

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Awakọ̀, ìwọ yìí! 😂 Igi tí àwọn ìyá ńlá mi ti ń ká èso rẹ̀ kí rélùwéè tó wọ Ọ̀fà, áńbọ̀sìbọ́sí mọ́tò! Pákì wo ló wà nígbà yẹn?

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ orúkọ òyìnbó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń di irú, ẹ bi mí. Ọ̀sán kan òru kan ló máa ń lò lórí iná kó tó rọ̀. A óò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, a óò ṣàn án, a óò tún un sè, ká tó wá bò ó sínú igbá fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ irú pẹ̀tẹ̀ lẹ fẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ tún yàtọ̀ sí ti irú wóró. Àwọn tó ń pa imú mọ́ bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé mi, àwọn náà ló kọ́kọ́ ń bèèrè irú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́.

Má_Tàn_Mí_Jẹ

Irúgbá ni. Ó tó bẹ́ẹ̀. Kí ni a fẹ́ fi èyí tó kù ṣe?

Tíṣà_Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọgbọ̀n ló ń dúró dè mí lọ́jọ́ Ajé. “Ó tó bẹ́ẹ̀” ò lè tó wọn.

Baba_Ewéko

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀kọ́ ewéko ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìntì sí Tankẹ̀ níbí. Tíṣà, o ṣeun tí o dà á kọ tàkámọ́-tàkámọ́, tàmì-tàmì, torí inú àwọn nǹkan kéékèèké yẹn gan-an ni ìtàn ibẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi òdòdó. Ọmọ kíláàsì rẹ ṣìnà, àmọ́ kò ṣìnà jìnnà. “Bi” iwájú yẹn kì í ṣe “big”. Látìn ni, méjì ló túmọ̀ sí. “Globus” ni ohun tó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, “globosa” sì ni èyí tó ṣe róbótó. Pa wọ́n pọ̀: oníròbótó méjì. Kì í ṣe igi ni wọ́n ń wí, kì í sì í ṣe èso. Òdòdó rẹ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé ti wọ́ dà nù lórí igi náà, ẹ ó rí nǹkan pupa fòò tó ń fi okùn gígùn rọ̀ dirodiro láti orí ẹ̀ka. Ohun tí a ń pè ní òdòdó kan yẹn, kì í ṣe kan. Àìmọye òdòdó wẹ́wẹ́ ló ṣù jọ síbẹ̀ tí wọ́n fi di bọ́ọ̀lù.

Ọmọ_Dada

Baba, ẹ má bínú o. Mo ti rí òdòdó yẹn tó kọjá kíkà. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni. Níbo ni èkejì wà?

Baba_Ewéko

N ò bínú, ìbéèrè tó dáa ni. Láti ibi tí okùn ti so mọ́ ọn ni kí o ti wò ó. Ibẹ̀ wú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fún bí ìbàdí, kó tó wá wú di bọ́ọ̀lù ńlá tí gbogbo ojú ń rí. Kékeré lókè, ńlá nísàlẹ̀. Ti òkè yẹn ò jọ nǹkan kan lójú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni omi dídùn òdòdó náà ti ń sun.

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Akèrègbè! Akèrègbè tí wọ́n fi okùn so lọ́rùn ni ẹ ń júwe yẹn, Baba. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń fi òdòdó yẹn ṣeré, a máa ń jù ú mọ́ra wa lórí, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé akèrègbè ni.

Baba_Ewéko

Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ ni, ì bá yé ènìyàn ju ti òyìnbó lọ.

Awakọ̀_Gàráàjì_Ọ̀fà

Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé. Kí ni àdán ń wá lórí igi yẹn? Bí mo bá ń ti Ṣààrẹ́ bọ̀ lóru nígbà ọyẹ́, tí mo bá tan iná mọ́tò sí i, ṣe ni wọ́n máa ń fò gìrìrì. Ẹ̀rù a máa bà mí, kí n má parọ́.

Baba_Ewéko

Oúnjẹ ni wọ́n wá jẹ o. Òru ni òdòdó náà ń tú omi dídùn sílẹ̀, àdán á sì ti ẹnu bọ̀ ọ́. Bó ti ń lá a lọ́wọ́ ni àtíkè òdòdó ń lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀, tí yóò fi gbé e dé orí igi mìíràn. Àdán ni alárinà irúgbá. Bí kò bá dé, ìgbéyàwó ò ní wáyé, èso ò ní sí, Ìyá Ìbejì ò sì ní rí nǹkan sè.

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Hẹn-ẹ́n! Kí ẹnikẹ́ni má pa àdán mọ́ ní Ọ̀fà o.

Ọmọ_Gàmbàrí

Mo ń kí yín láti Ìlọrin. Nílé wa, ɗorawa la ń pè é, torí Hausa ni bàbá mi ń sọ, Yorùbá ni ìyá mi. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé nínú Hausa, bí ènìyàn bá fẹ́ sọ pé nǹkan ní àwọ̀ ìyeyè, yóò ní “ruwan ɗorawa”, omi irúgbá. Ìyẹ̀fun inú èso rẹ̀ tí àwa ọmọdé máa ń lá títí ẹnu á fi kún ni wọ́n fi sọ àwọ̀ náà lórúkọ. Látìn wo òdòdó, Hausa wo inú èso. Kí ni Yorùbá wò?

Má_Tàn_Mí_Jẹ

Yorùbá wo ìkòkò ọbẹ̀.

Ọmọ_Dada

Yorùbá wo èèpo rẹ̀ náà o! Ní Òkelele lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò kì í da èèpo irúgbá nù. Wọn á rẹ ẹ́ sómi títí omi náà á fi pọ́n kuku. Bí wọ́n bá ti fi igi yọ ìkòkò láti inú iná, tó ṣì gbóná janjan, omi yẹn ni wọ́n ń wọ́n sí i lára. Ẹ ó gbọ́ ṣíì! Òun ló ń fún ìkòkò wa ní àwọ̀ pupa dúdú tó ń dán yẹn. Ìkòkò tí kò bá mu omi yẹn, ojú rẹ̀ á ṣì funfun pátipàti.

Ó dáa, mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Baba, ẹ padà síbi Parkia.

Baba_Ewéko

Awakọ̀, má rò pé mo gbàgbé tìrẹ. Pákì tìrẹ kọ́, àmọ́ Park ni. Ènìyàn ni.

Kí n tó dé orí onítọ̀hún, Tíṣà, sọ èyí fún àwọn ọmọ: orúkọ àkọ́kọ́ ni orúkọ agbo-ilé, èkejì ni ti ọmọ tí à ń pè nínú agbo-ilé náà. Linnaeus, ọmọ Sweden, ló fi ìlànà onílé-lọ́mọ yìí múlẹ̀ fún ewéko nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1753. Biglobosa nìkan kọ́ ni ọmọ agbo-ilé yìí. Ọ̀kan wà nínú igbó kìjikìji lápá gúúsù tó ń jẹ́ Parkia bicolor, aláwọ̀ méjì. Àbúrò ni wọ́n.

Mungo Park ni ẹni tí wọ́n fi agbo-ilé náà sọrí. Ọmọ Skọ́tíláǹdì ni, wọ́n bí i ní 1771, iṣẹ́ dókítà ló kọ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ onímọ̀ ewéko. Ní 1795 ni wọ́n rán an wá láti Lọ́ńdọ̀nù pé kó wá wo ibi tí odò Ọya ń ṣàn gbà. Nínú ìwé tó kọ ní 1799, ó sọ̀rọ̀ igi kan tí àwọn Màńdíńgò ń pè ní “nitta”, pé ìyẹ̀fun inú èso rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì dùn lẹ́nu. Ọmọ_Gàmbàrí, ìyẹ̀fun tí ẹ ń lá yẹn náà ni o. Ó tún padà wá ní 1805, ó sì bá odò náà lọ ní Bussa ní 1806. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1826, Robert Brown, ọmọ Skọ́tíláǹdì bíi tirẹ̀, ń ṣe àlàyé àwọn ewéko tí Oudney, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, kó jọ nígbà tí òun àti Clapperton àti Denham, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gba aṣálẹ̀ kọjá wá sí Bornu. Ó kan igi yìí, ó rántí ẹni tó ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ṣáájú, ó ní kó máa jẹ́ Parkia. R.Br. ara pátákó yẹn, òun ni.

Tíṣà_Àjàṣẹ́

Robert Brown! Ṣé kì í ṣe ẹni tí tíṣà Físíìsì wa ń dárúkọ, èyí tó wo nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń jó nínú omi?

Baba_Ewéko

Òun gan-an. Ní 1827, inú àtíkè òdòdó ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó rí yẹn ti jáde. Ẹni tí wọ́n ń kọ́ nínú Físíìsì, ewéko niṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ_Jẹ́bà

Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ní Jẹ́bà ni Mungo Park kú sí? Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà tí wọ́n kó wa lọ wò ó.

Baba_Ewéko

Òkúta ìrántí ni, kì í ṣe sàréè. Òun àti Lander, arìnrìn-àjò bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ fi rántí níbẹ̀. Bussa lókè odò lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí òkúta ti pọ̀ nínú omi. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa bí ènìyàn ṣe rò. Ìpínlẹ̀ Kwara ni Bussa wà títí di 1991 tí wọ́n fi gbé e sọ́dọ̀ Niger. Bussa àtijọ́ fúnra rẹ̀ ti wà lábẹ́ omi Kainji láti bí ọdún 1968, ìlú tuntun ni wọ́n kọ́ fún àwọn ará ibẹ̀.

Má_Tàn_Mí_Jẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọkùnrin kan wá, wọ́n fún un ní oúnjẹ, wọ́n sọ orúkọ igi fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bá odò lọ. Wọ́n wá fi igi náà jíǹkí ẹni tó bá odò lọ! Ìyá tó fẹsẹ̀ tẹ irú láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló fi nǹkan sọrí òun? Irú ti wà nínú ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí Park. Irú wá, ògìrì wá, gbogbo wọn ló ń gba orúkọ nídìí igi onígi.

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe irú mọ́ ògìrì fún mi níbí 😂

Ṣùgbọ́n òdodo ọ̀rọ̀ lẹ sọ, ọ̀gá.

Tíṣà_Àjàṣẹ́

Baba, àkámọ́ yẹn ńkọ́? Nínú ìṣirò, ohun tó bá wà nínú àkámọ́ la kọ́kọ́ ń ṣe. A ti fi tiwa gbẹ̀yìn báyìí.

Baba_Ewéko

O káre. Àkámọ́ túmọ̀ sí pé ẹni inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ, àmọ́ agbo-ilé mìíràn ló fi í sí. Jacq. ni Jacquin, ọmọ ilẹ̀ Hólàǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna. Ọba ńlá ibẹ̀ rán an lọ sí erékùṣù Karíbíánì láti kó ewéko wá fún ọgbà ààfin. Láàárín ọdún 1755 sí 1759 ló fi wà lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti rí igi yìí, tó wo òdòdó rẹ̀, tó sì tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 1763: Mimosa biglobosa. Ó fi í sí agbo-ilé Mimosa, ilé tí patanmọ́ wà.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Kí ni irúgbá ń wá ní Karíbíánì? Igi náà kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Àsìkò òwò ẹrú ló sọdá òkun. Ẹ̀yin náà ẹ ro irú ènìyàn tó lè mú kóró irúgbá dání lọ sírú ibẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Ah.

Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun á rí irú jẹ níbi tí wọ́n ń kó òun lọ ni.

Ọmọ_Dada

Ìyá Ìbejì, ẹ fẹ́ẹ́ pa mí lẹ́kún.

Tíṣà_Àjàṣẹ́

Ó ṣe mí náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè, Baba. Nígbà tí Brown sọ agbo-ilé ní Parkia ní 1826, kí ló pe ọmọ? Ṣé biglobosa náà ni?

Baba_Ewéko

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Rárá o. Parkia africana ló pè é. Ti Áfíríkà.

Má_Tàn_Mí_Jẹ

Kí ló wá ṣe Áfíríkà náà?! Ta ló yọ ọ́?

Baba_Ewéko

Òfin ni. Bí igi kan bá ní orúkọ méjì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sínú ìwé ló ń jókòó. Igi tí Jacquin rí ní Karíbíánì àti èyí tí Brown rí láti Áfíríkà, igi kan náà ni. Ti Jacquin ló ṣáájú.

Tíṣà_Àjàṣẹ́

1826 yọ 1763. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló fi ṣáájú.

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Ìyálé ni. Ìyàwó tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, kódà kí èyí tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kó sì lẹ́wà jù ú lọ.

Baba_Ewéko

Ó parí! Ogójì ọdún ni mo fi ń ṣàlàyé òfin yẹn, n ò rántí ìyálé rí.

Nítorí náà, ọmọ di biglobosa ti Jacquin, agbo-ilé di Parkia ti Brown. “Ex” tó wà láàárín ń sọ pé Brown ló dá orúkọ náà, àmọ́ G.Don ló tẹ̀ ẹ́ jáde bí òfin ṣe fẹ́. George Don nìyẹn, ọmọ Skọ́tíláǹdì tún ni. Òun ní tirẹ̀ tiẹ̀ ti dé Sierra Leone rí láti kó ewéko.

Má_Tàn_Mí_Jẹ

Ọmọ Skọ́tíláǹdì mẹ́ta lórí igi kan, Áfíríkà sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ ò rí i bí? Òfin tiwọn ni, wọ́n fi gba tiwa.

Ọmọlará_Ìpara

Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn ń kà á lọ ni. Ìpara òrí ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Gbogbo ìgò tí wọ́n bá kó wá láti òkè òkun, bí mo bá ka ẹ̀yìn rẹ̀, “Butyrospermum parkii” ni mo máa ń rí. Ṣé Park yìí náà ni? Ṣé ó gba òrí mọ́ irú ni?

Baba_Ewéko

Ọmọlará, Ọlọ́run ló rán ọ wá. Òun náà ni. Park kọ̀wé nípa igi òrí bó ṣe kọ nípa irúgbá, George Don kan náà ló sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ inú agbo-ilé, parkii, ti Park. Nígbà tó yá, ní 1865, Kotschy dá agbo-ilé tuntun fún un, Butyrospermum. Gíríìkì ni, “kóró bọ́tà”. Orúkọ náà bá òrí mu dáadáa, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tú ìwé àtijọ́ rí i pé Gaertner, ọmọ Jámánì, ti tẹ orúkọ rẹ̀ jáde ní 1807: Vitellaria paradoxa. “Vitellus” ni pupa ẹyin, “paradoxa” ni èyí tó ya ènìyàn lẹ́nu. Ìyálé dé. Kotschy lọ, parkii sì bá a lọ. Nínú ìwé ewéko lónìí, Park ò sí lára igi òrí mọ́. Àwọn tó ń ṣe ìpara ní àkójọ orúkọ tiwọn tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, wọn ò tíì yí i padà. Òun lo fi ń rí i lẹ́yìn ìgò.

Má_Tàn_Mí_Jẹ

Ẹ tún un sọ. Òfin tó yọ Áfíríkà lára irúgbá, òun náà ló yọ Park lára òrí?

Baba_Ewéko

Òun náà ni. Kò mọ Park, kò mọ Áfíríkà. Ọdún ló ń wò.

Má_Tàn_Mí_Jẹ

😂😂 Ó dáa. Mo gbà. Inú mi dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní irúgbá ni.

Tíṣà_Àjàṣẹ́

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Lálẹ́ àná ni mo jókòó kọ èyí. Pátákó kejì ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí, kó wà lókè tiwọn:

IGI IRÚGBÁ
Èso rẹ̀ la fi ń ṣe irú. Ɗorawa ni Hausa ń pè é.
biglobosa: oníròbótó méjì. Wo òdòdó rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dà bí akèrègbè.
Parkia: wọ́n fi rántí Mungo Park, tó kú ní Bussa ní 1806.
Áfíríkà ló ti wá. Àdán ni alárinà rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Ẹ fi sí i pé èèpo rẹ̀ wúlò fún amọ̀kòkò, kí ọmọ Dada má bàa bínú.

Ọmọ_Dada

Ẹ ṣeun, màmá 🙏

Ọmọ_Gàmbàrí

Tíṣà, ìrù tí wọ́n fi sí “Ɗ” yẹn, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé pátákó yín mọ̀ ọ́n kọ o. Wọ́n máa ń sọ ọ́ di D lásán.

Baba_Ewéko

Ó dáa gan-an ni. Ohun méjì péré. Ẹ kọ P gàdàgbà ní Parkia, b kékeré ní biglobosa, bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ má sì kan ìṣó mọ́ ọn lára mọ́. Okùn ni kí ẹ fi so ó, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, torí igi náà ṣì ń sanra. Èyí tí wọ́n kàn tẹ́lẹ̀ yẹn, bí ẹ bá lè fà á yọ jẹ́jẹ́, ẹ fà á yọ.

Tíṣà_Àjàṣẹ́

A ti fà á yọ láàárọ̀ yìí, Baba. Ọmọ tó ní ayé ńlá yẹn ló gun àga.

Awakọ̀_Gàráàjì_Ọ̀fà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti lọ wo ti pákì wa dáadáa lónìí o. N ò rí róbótó méjì, n ò rí akèrègbè. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré bí ìrẹsì. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ ló dà sílẹ̀. Mo já ewé rẹ̀ kan jẹ, ó korò títí dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣé irúgbá ti Ìlọrin yàtọ̀ ni?

Ìyá_Ìbejì_Onírú

Awakọ̀. Dóńgóyárò nìyẹn.